Ọkọ̀ Ogun Tí Wọn Ò Kàn

Mo ti jowú rí kí n tó mọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n owú kéékèèké ni: owú pé bàtà ẹnìkan dára ju tèmi lọ, owú pé wọ́n pe káfíńtà mìíràn wá ṣe fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí èmi wà nílé. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí bá mi sùn, ó bá mi jí, ó sì bá mi jẹun. Nítorí ọkọ̀ ogun ni, ọkọ̀ ogun tí kò tilẹ̀ sí níbì kankan láyé.

Ìdànrè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, ní ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Mò ń kan tábìlì, mò ń kan ilẹ̀kùn, mò ń kan pẹpẹ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sá kòkó. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ti ara mi, mo sì ní àfẹ́sọ́nà. Tísà ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́. Kíláàsì kan náà la jọ wà kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́, kò sì fi ìyẹn fojú di mí rí. Tí ó bá ti ṣíwọ́, á yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa bá mi tàkúrọ̀sọ. Àwọn òbí wa ti mọ ara wọn. Ìdána ló kù, a sì ti fi í sí ìgbà tí wọ́n bá ta kòkó ọdún yẹn tán.

Ìgbà náà ni Bọ̀dá Sójà dé. Orúkọ tí àdúgbò fún un nìyẹn. Ọmọ ìlú wa ni, ó bá ọkọ̀ lọ nígbà ogun ńlá, nígbà tí ogun sì parí, kò bá àwọn yòókù bọ̀. Ó dúró sí ìlú òyìnbó, ó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó wálé, wọ́n gbà á sí iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé kòkó, ó sì gba yàrá kan tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Kò níyàwó. Ó ga, ohùn rẹ̀ sì tutù débi pé ènìyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohùn yẹn wà lára ohun tí mo kọ́kọ́ kórìíra.

Ó wá yá pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan. Ìwé ńlá kan wà ní abíyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi òwú rán an pọ̀. Àfẹ́sọ́nà mi bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀, ó sì ṣí i.

"Ọkọ̀ ogun ni," ó ní. "Kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn o. Èyí tí wọ́n kàn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n yà tí wọn ò kàn ni mo dà kọ wálé."

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ráyè mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi. Ó fi ọkọ̀ kan hàn wá tí ìbọn ńláńlá wà níwájú rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ kí bàálù lè máa fò lórí rẹ̀. Ó fi òmíràn hàn wá tó tóbi débi pé ó ṣòro láti rí èbúté tó máa gbà á. Àfẹ́sọ́nà mi á béèrè pé, "Kí ló dé tí wọn ò kàn án?" Bọ̀dá Sójà á sì ṣàlàyé: irin kò tó, ogun ti parí, àwọn ọ̀gá ò fẹnu kò. Ìbéèrè lórí ìbéèrè. Ọdún méjì ni ọmọbìnrin yìí ti ń jókòó tì mí, kò bi mí rí pé báwo ni mo ṣe ń mú kí dúrọ́ọ̀ tábìlì máa yọ́ wọlé. Mo dúró ti ayùn mi, mò ń rẹ́ pákó tí kò yẹ kí n rẹ́.

Lọ́jọ́ tó dé orí ọkọ̀ oníyìnyín, mo bú sẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n fẹ́ fi omi dídì kan ọkọ̀ tó gùn bí àdúgbò kan, wọ́n máa po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ omi náà kó tó dì, ọta á sì máa ta dànù lára rẹ̀.

"Lẹ́búlẹ́bú wo?" mo bi í. "Èyí tí mò ń gbá dànù láràárọ̀ yìí?"

"Òun náà ni."

Inú mi dùn. Mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ wàyí. Bí nǹkan kan bá wà tí mo mọ̀ láyé yìí, lẹ́búlẹ́bú pákó ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń sin àfẹ́sọ́nà mi lọ sílé, mo sọ ohun tó wà nínú mi síta.

"Ọkùnrin yẹn lò ń wò."

Ó dúró. "Ọkùnrin wo?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Òun lò ń wò, ojoojúmọ́ lò ń wò ó."

Ó ń yára rìn níwájú mi títí a fi délé wọn.

Ẹnìkan tó ń ra kòkó ní Aládé ní fìríìjì oní kẹrosíìnì, èmi ni mo sì kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi fi fìríìjì náà sọ omi di yìnyín. Agolo mílíìkì méjì ni mo gbé lọ: omi lásán wà nínú ọ̀kan, mo po lẹ́búlẹ́bú mọ́ ti èkejì. Èmi fúnra mi ni mo pò ó, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹnìkan ṣe màgòmágó. Nígbà tó di Sátidé, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ kó wọn, mo wé wọn sínú àpò kòkó, mo sì sáré bọ̀. Mo ti pe àdúgbò jọ. Mo pe bàbá àfẹ́sọ́nà mi pàápàá, torí mo fẹ́ kí ojú ti ọkùnrin yẹn níwájú ẹni tó ṣe pàtàkì.

Mo yọ méjèèjì kúrò nínú agolo, mo tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì. Mo fi òòlù lu èyí tó jẹ́ omi lásán, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Mo lu èkejì. Òòlù ta padà, ọwọ́ mi sì ta mí wọ igbá àyà. Mo tún lù ú, tagbára tagbára. Ojú kan báyìí ló tẹ̀ wọlé, kò ju èékánná lọ. Omi èyí tó fọ́ ti ń ṣàn wá sílẹ̀ nígbà tí èkejì ṣì jókòó sójú kan.

Bàbá àfẹ́sọ́nà mi wò mí. "Káfíńtà, ṣé kì í ṣe ìwọ náà lo máa ń po lẹ́búlẹ́bú mọ́ gúlúù, tí o fi ń dí pákó tó bá là?"

Òótọ́ ni. Mo ṣe é lára ilẹ̀kùn kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Owú kò jẹ́ kí n rántí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Bọ̀dá Sójà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ bẹ́ǹṣì, ó gbé ọwọ́ lé yìnyín náà, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri," ó ní. "Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àfi òní." Mo yíjú sí àfẹ́sọ́nà mi. Kò wo yìnyín, kò wo èmi. Ojú ọkùnrin yẹn ló ń wò.

A kò ṣe ìdána. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi, kò rán ẹnikẹ́ni, kò sì bú mi.

Nígbà tó kọjá ọdún kan, Bọ̀dá Sójà rọra wá bá mi pé òun ń fẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó, pé kò sí ẹlòmíràn tó lè kàn án bí èmi. Mo kàn án. Igi ìrókò ni mo lò, mi ò rẹ́ ẹ jẹ. Ọjọ́ tí mo lọ tò ó, ìyàwó nìkan ló wà nínú yàrá.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo bi í pé, "Láti ìgbà wo lo ti ń wò ó?"

"Ọkọ̀ ni mò ń wò," ó ní. "Mi ò wo ojú ẹ̀ rí. Ìwọ lo sọ pé òun ni mò ń wò. Mo wá ní kí n wò ó, kí n mọ ohun tí o rí."

Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan kò jókòó dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tún un ṣe, mo sì kó irinṣẹ́ mi.