Tẹ̀tẹ̀ Ọlọ́jọ́ Mẹ́jọ

Ọdún tí mo ń ṣe àṣekágbá ní yunifásítì, mo rọ yẹ̀pẹ̀ sínú ọgọ́ta náílọ̀n, mo tò wọ́n sẹ́yìn ilé tí mo gba yàrá sí ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì gbin tẹ̀tẹ̀ sínú wọn. Iṣẹ́ ìwádìí tí ọ̀gá mi, olùkọ́ tó ń bójú tó mi, fún mi kò le lójú: kí n fi omi du ẹ̀fọ́, kí n wo ohun tí òǹgbẹ máa ṣe fún un. Àwọn kan ń mu omi lójoojúmọ́, àwọn kan ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, àwọn tó kù di ọjọ́ kẹjọ. Bí mi ò bá rí èsì gidi mú lọ, mi ò ní bá ẹgbẹ́ mi jáde. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gan-an.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Gbogbo àdúgbò á funfun, ìró ọ̀kadà á máa wá láti ọ̀nà Òrù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Màá jókòó sórí àpótí, rúlà lọ́wọ́. Tó bá di ọ̀sán, àwọn ọlọ́jọ́ mẹ́jọ á ká ewé wọn jọ, wọ́n á sorí kọ́. Láàárọ̀, wọ́n á tún gbórí díẹ̀. Nígbà mìíràn oorun á gbé mi lọ níbẹ̀, màá sì máa lálàá pé òjò ń rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi mọ́. Àwọn ọlọ́jọ́ mẹ́jọ ń ga, ewé wọn tẹ́ rẹrẹ. Ọ̀gá mi wo ìwé mi, ó wo ojú mi, ó ní kí n má parọ́ fún òun. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí i. Màmá onílé, arúgbó tó ń dá gbé yàrá iwájú, ti kírun àsùbá tán. Wọ́n gbé bútà àlùwàlá wọn wá sẹ́yìn ilé, wọ́n ń ro ìyókù omi inú rẹ̀ sídìí àwọn ọlọ́jọ́ mẹ́jọ, wọ́n sì ń bá ẹ̀fọ́ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Bí inú bá ń bí mi, ẹnu mi kì í gbélé. “Màmá, ẹ ti ba ayé mi jẹ́,” ni mo wí.

Wọ́n wò mí. “Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ fi omi dù wọ́n ni? Mo ṣebí o gbàgbé wọn ni, ọmọ mi. Mi ò lè da omi sílẹ̀ lásán níṣojú ohun tí òǹgbẹ ń gbẹ.”

Ojú tì mí. Mo jókòó, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi náà, ó ní kí n tún ẹ̀fọ́ náà gbìn, ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò gbọdọ̀ lé.

Lẹ́ẹ̀kejì, òǹgbẹ ṣiṣẹ́. Àwọn ọlọ́jọ́ mẹ́jọ rí tín-ín-rín, ewé wọn kò ju èékánná lọ, wọ́n sì tètè yọ òdòdó, bí ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ òun ò pọ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí n gé wọn kí n wọ̀n wọ́n, ọ̀kan sùn gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo bu omi sí ife. Mo ti lóṣòó tì í kí n tó mọ̀ pé Màmá wà lẹ́yìn mi.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Omi ti lé ròrò sójú wọn.

“Ó ku ọjọ́ kan péré,” ni wọ́n wí. “Má ba iṣẹ́ rẹ jẹ́.”

Wọ́n gba ife náà, wọ́n dà á padà sínú báàkẹ́ẹ̀tì. A jọ jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ìkankan nínú wa má bàa dìde lọ bu omi.