Orúkọ Tí Mo Gbé Wá Láti Èkó

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni, mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wa ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Ádó-Èkìtì, n kò sì níṣẹ́. Bàbá wa ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí èmi dúró fún ilé wa, kí n fún ọmọ lórúkọ níwájú àwọn àna òun ní ìlú Ìyìn.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n rí i pé mo lẹ́nìkan lẹ́yìn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Inú mi dùn pé ó fi mí pe ènìyàn, ẹ̀rù sì tún ń bà mí.

Èkó ni mo ti dàgbà. Ní àdúgbò wa níbẹ̀, ọmọ káfíńtà ń jẹ́ Adé, ọmọ bíríkìlà ń jẹ́ Adé, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n nípa ilé ọba. Mo yan ọ̀kan tó dùn létí nínú àwọn orúkọ Adé wọ̀nyẹn, mo sì ń fi dánrawò níwájú dígí kí ohùn mi má baà gbọ̀n.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn àdúrà katikíìsì, wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ju owó sí i, ó fún ọmọ lórúkọ, gbogbo ilé sì pè é tẹ̀lé e. Ó kàn mí. Mo ju owó tèmi, mo pe orúkọ náà ketekete.

Kò sẹ́ni tó pè é tẹ̀lé mi.

Bàbá àgbàlagbà kan, aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọmọ ilé ọba, ṣí fìlà rẹ̀ sí mi.

"Kábíyèsí! Ẹ ò ránṣẹ́ sí wa pé adé ti dé ulé yín."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló yé mi pé ní Ìyìn, níbi tí wọ́n ti mọ orísun ara wọn, ọmọ ilé ọba nìkan ni wọ́n ń sọ ní Adé. Àgbẹ̀ ni àwọn àna ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ìyá ọkọ wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Èkó ló ti ń bọ̀. Ọba ni gbogbo ará Èkó. Ó yá, àna wa, ẹ fún wa ní òmíràn."

Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ni mo gbé wá. Ká ní ìtìjú tèmi nìkan ni, mo rò pé ǹ bá ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba, ó ń tún ṣọ́ọ̀lù ọmọ ṣe ṣáá. Mo fẹ́ kó wò mí, mo sì ń bẹ̀rù pé yóò wò mí. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló fi ohùn jẹ́jẹ́ dárúkọ kan láti ibi tó jókòó sí, wọ́n sì gbà á.

"Kábíyèsí" ni ọmọ yẹn ń pè mí títí di òní. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọmọ kejì dé, ìyá wa ni ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè kó wá fún un lórúkọ. Èmi ni mo lọ aṣọ tó wọ̀ lọ.