Òfin Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Sọ́míìlì

Ẹni tó bá mọ̀ mí n'Ìkẹ́rẹ́ yóò sọ fún yín pé ẹnu mi kì í sinmi. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe olùkọ́ n'Ìbàdàn. Nígbà tí bàbá mi kú, tí mo wálé wá gba sọ́míìlì rẹ̀, ńṣe ni mo ń pe orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ láràárọ̀ bí ẹni wà nínú kíláàsì. Tísà ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn mi, mo sì mọ̀.

Mi ò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí mo fi rí káàdì tramadol kan tó ti ṣófo lábẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń la igi. Òògùn ìrora ni, dókítà a máa kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára ti sọ ọ́ di oúnjẹ àárọ̀. Inú bí mi. Mo gbé páálí, mo kọ ọ́ gàdàgbà: ẸNI TÍ MO BÁ BÁ TRAMADOL LỌ́WỌ́ RẸ̀, KÓ MÁA LỌ SÍLÉ. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà n kò rí káàdì kankan mọ́, mo sì ń yangàn kiri pé mo ti tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mo ń pa làpálàpá. Wọn ò yéé gbé e mì, wọ́n kàn ń kó káàdì rẹ̀ lọ sílé ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, gẹdú ńlá mẹ́rin dé láti inú igbó ọ̀nà Emùré. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí gẹdú lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọwọ́ àti irin gígùn. Ọkùnrin kan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí ìyàwó rẹ̀ lóyún oṣù mẹ́jọ, ló ń ṣíwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yí i. Mo ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí irin bọ́ lulẹ̀. Kí n tó yíjú, ọkùnrin náà ti wà nílẹ̀, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

Gbogbo wọn sá sẹ́yìn.

"Wárápá! Ẹ má fọwọ́ kàn án o!"

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: itọ́ ẹni tí wárápá gbé kò gbọdọ̀ kan ni lára, kó má baà ran ni. Èmi tí mo fi sáyẹ́ǹsì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, èmi náà sún sẹ́yìn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìgbà tí gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró gan-an ni ẹ̀rù wá bà mí. Ó dákẹ́ jù. Ètè rẹ̀ ń ṣú, èémí kan á wá, òmíràn á pẹ́ kó tó dé.

Bàbá tó ń pọ́n ayùn fún wa ló jáde láàárín wọn. Díákónì ni, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ayé bàbá mi. Ó kúnlẹ̀, ó yí ọkùnrin náà sí ẹ̀gbẹ́, ó fi fìlà ara rẹ̀ nu ẹnu rẹ̀. Ó wo páálí ara ògiri, ó wá wo ojú mi.

"Tísà, kè é ṣe wárápá. Tramadol ni. Ó gbé e mì kó tó kúrò n'ulé, ó tún gbé òmíràn mì nígbà tí gẹdú dé. Sọ fún wọn l'ọ́síbítù bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ lé wa l'ẹ́nu uṣẹ́, ó di ọ̀la."

A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Ní gbogbo ọ̀nà, bàbá ń gbá a létí díẹ̀díẹ̀, ó ń pariwo pé, "Mí! Mí o!" Nọ́ọ̀sì pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ló gbé mì. Tí kì í bá ṣe ti bàbá, wárápá ni ǹ bá pè é. Mo ní tramadol. Wọ́n sáré gbé e wọlé, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òtítọ́," ni nọ́ọ̀sì náà wí nígbà tó jáde. "Ọ̀pọ̀ ló ń fi pamọ́ fún wa."

Lọ́sàn-án, ọkùnrin náà lajú. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Gẹdú náà ńkọ́?"

"Olóríkunkun! Gẹdú wà níbi tó wà!" Mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún pa pọ̀. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dé, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Lójú ọ̀nà àbọ̀, mo bi bàbá léèrè ìdí tí kò fi tètè sọ fún mi.

"Ta ni í sọ ọ́ fún ẹni tó ti lẹ ìwé ìléniṣẹ́ mọ́ ògiri?"

Lọ́jọ́ Ajé, mo ya páálí náà kúrò lára ògiri lójú wọn. Mo sọ fún wọn pé màá ra ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀wọ̀n irin gbé ẹrù, òun ni yóò máa gbé gẹdú, àti pé n kò ní í lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń lò ó, kó sọ, èmi fúnra mi ni màá mú un lọ rí dókítà, nítorí jíjáwọ́ lójijì pàápàá le. Mo wá béèrè pé ta ló ń lò ó.

Ọwọ́ kan gòkè. Ọwọ́ bàbá ni.

"Ùbàdí mi ló ń dùn mí," ó ní. "Ọdún kẹta rè é."

Bí òmíràn ṣe gòkè nìyẹn, òmíràn, òmíràn. Nínú àwọn mẹ́sàn-án tó dúró níwájú mi, mẹ́fà ló nawọ́. Inú ìbá bí mi tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ ni mo dú, pé ààyè ni wọ́n wà tí wọ́n fi rí ọwọ́ nà.