Fèrèsé Màmá Ídíìtì Tí Mo Fọ́ Láti Sábó

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi ro ẹjọ́ yìí kí ẹlòmíì tó bá mi rò ó: mo fọ́ fèrèsé ìyá àgbà kan ní England, láìkúrò ní yàrá mi ní Sábó, Yaba. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Iṣẹ́ ló fà á. Ilé ńlá àtijọ́ kan wà ní abúlé kékeré kan lọ́hùn-ún, tí àwọn èèyàn ń sanwó wá wò. Ó ní ọgbà òdòdó, ó ní adágún omi, yàrá inú rẹ̀ ò lóǹkà. Abúlé fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé ọtí kan, àti àwọn ilé tí kò tó ti òpópónà kan ṣoṣo ní Mushin tí wọ́n ti bí mi.

Ẹni tó bá kọ ìbéèrè sórí wẹ́bsáìtì ilé yẹn, èmi ni mo ń dá a lóhùn látorí kọ̀ǹpútà mi. Aago mélòó lẹ ń ṣí? Ṣé a lè mú ajá wá? Ṣùgbọ́n Kólíìn, máníjà ibẹ̀, ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ pé Èkó ni mo wà. Ó ní àwọn àlejò fẹ́ gbà pé inú ilé náà lẹni tó ń dá wọn lóhùn jókòó sí. Wọ́n tiẹ̀ fún mi lórúkọ: Rúùtù. Èmi Fúnkẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́!

Mo gba orúkọ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Mo lẹ àwòrán ilẹ̀ abúlé náà mọ́ ògiri. Mo mọ ibi téèyàn á ti yà sọ́tùn-ún tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ ibi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń sùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn mí. Bí Títí, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé, bá ní òjò fẹ́ rọ̀, màá ní, "Ní abúlé tiwa, ó ti ń rọ̀ láti àná." Títí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà, á ní kí n dìde lọ pọn omi jàre.

Ìyá àgbà kan wà tó ń dá gbé níwájú géètì ilé ńlá náà gan-an. Ídíìtì lorúkọ wọn. Àwọn ló ni pápá tí àwọn àlejò ń páàkì mọ́tò sí. Láràárọ̀ ni Màmá Ídíìtì máa ń kọ ìbéèrè kan náà: aago mélòó ni ọgbà máa ṣí? Ẹni tó ń wo géètì láti ojú fèrèsé! Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ẹni tí wọ́n á bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá.

Kólíìn ní kí n dáhùn ìbéèrè nìkan, kí n sì panu mọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn? Kí àgbàlagbà bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kí n má béèrè bí wọ́n ṣe sùn? Mo máa ń kí wọn dáadáa ni tèmi. Orúnkún yín ńkọ́ ma? Ológbò ńkọ́? Wọ́n á ní orúnkún ṣì ń dun àwọn, ológbò sì ti sanra jù.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú iná lọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó dé, mo bẹ̀ wọ́n, mo ní wọ́n mú iná lọ ni. Wọ́n ní ta ló mú un? Mo ní àwọn náà ni, wọ́n sì ti dá a padà. Ẹ gbà mí! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Kólíìn ń bi mí kí ló dé tí màmá fi wá sọ fún òun pé olè jí iná ilé ńlá.

Nígbà tó wá di ọjọ́ Ajé kan, Màmá Ídíìtì ò kọ nǹkan kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ò kọ. Ní Ọjọ́rú, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Títí tún wá dá kún un: ó ní arúgbó tó bá ń dá gbé lè ṣubú sí balùwẹ̀, kó wà nílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Mo pe Kólíìn, kò gbé e. Mo bá pe ọkùnrin tó ń tún ọgbà ṣe, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé abúlé náà. Ibí yìí gan-an ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní tètè lọ tí mo bá kàn bẹ̀ ẹ́, ni mo bá pariwo pé Rúùtù ni o, pé ẹnu ọ̀nà Màmá Ídíìtì ni mo wà, mo ti kanlẹ̀kùn títí, wọn ò dáhùn!

Ọkùnrin náà sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Ó fọ́ fèrèsé ilé ìdáná, ó ki orí bọ̀ ọ́, ni ikùn bá há. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù fìrìfìrì lóde nígbà tí Màmá Ídíìtì sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú báàgì wọn, wọ́n ní kí ló dé. Etíkun ni wọ́n lọ najú lọ́dọ̀ àbúrò wọn!

Kólíìn pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ní ṣebí mo kanlẹ̀kùn? Ṣé mi ò wá rí ìwé gàdàgbà tí màmá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn iwájú ni, pé àwọn ti lọ sétíkun, kí ẹni tó ń gbé mílíìkì wá láràárọ̀ má gbé e wá? Ó ní irọ́ tí mo pa ti sọ àwọn di ẹlẹ́yà, tó bá di ọjọ́ Ẹtì, òun á sọ fún mi bóyá kí n máa lọ.

Iṣẹ́ tó ń san owó ilé wa! Mo sunkún. Títí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn ná kó tó wá máa rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ibi tí mo ti ń nu ojú ni ìbéèrè kan ti wọlé: Rúùtù, aago mélòó ni ọgbà máa ṣí?

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ọdún kan. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Mo ní Fúnkẹ́ ni mí, Yaba ni mo wà, mi ò fẹsẹ̀ tẹ abúlé yín rí, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ forí jì mí.

Màmá Ídíìtì ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n ní mo sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ooru ò jẹ́ kí n sùn, bẹ́ẹ̀ yìnyín ló bo òrùlé àwọn lọ́jọ́ náà! Wọn ò fẹ́ tú mi fó, torí kò sẹ́lòmíì tó ń béèrè orúnkún àwọn.

Wọ́n sì ti lọ bá Kólíìn. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń gbé níwájú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó wá wò ó bóyá àwọn jí, àfi ọmọ tó wà ní Èkó. Tó bá lè lé mi, kó yáa lọ wá pápá míì tí àwọn àlejò á máa páàkì sí. Kólíìn gbọ́ èdè yẹn yékéyéké!

Iṣẹ́ mi ò lọ. Fúnkẹ́ ni mo ń jẹ́ níbẹ̀ báyìí, ẹni bá sì béèrè, mo ń sọ pé Yaba ni mo wà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: fèrèsé tuntun tí wọ́n ṣe fún màmá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ń rí géètì kedere. Síbẹ̀, láràárọ̀, aago mélòó ni ọgbà máa ṣí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sáré lọ kí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì, mi ò sì dágbére fún màmá. Nígbà tí mo dé, Títí ti káwọ́ lé ìbàdí dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Kólíìn pe òun láti England nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, torí orúkọ òun ni mo kọ sílẹ̀ lọ́fíìsì. Màmá Ídíìtì ló lọ jókòó ti Kólíìn, wọ́n ní Fúnkẹ́ ò dáhùn fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, kó wá ẹni tó máa lọ fọ́ fèrèsé ẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn má purọ́ torí pé ó fẹ́ ṣoore, àmọ́ kó má dẹ́kun kíkí èèyàn, ì báà jẹ́ ọ̀gá ló ní kó panu mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ ká gbọ́: tí ẹ bá dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ló máa wá fọ́ fèrèsé yín?