Omi Tútù Nọ́ọ̀sì Mu-Omi-Ná

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn ọgbà wọn ní Mu-Omi-Ná, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Bí ìdánwò bá ti dé báyìí, àìsàn dé nìyẹn. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lánàá á di aláìlera lónìí, kí wọ́n ṣáà lè yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n á mu tíì gbígbóná lẹ́yìn ògiri, wọ́n á sáré wọlé, kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì sẹ́nu láti fi wọn ibà lè bá wọn parọ́. Nọ́ọ̀sì kì í bá wọn jiyàn. Á bu omi tútù fún wọn: "Mu omi ná." Wọ́n á jókòó díẹ̀ kí ẹnu wọn lè padà sí bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ni yóò tó wọn ibà. Òpùrọ́ á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú ọgbà náà. Gbogbo èèyàn ló mọ̀, síbẹ̀ ìyá ti kìlọ̀ fún un: "Níbí, nọ́ọ̀sì ni kó o máa pè mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mò ń ṣojúsàájú." Ọmọ gbọ́.

Láàárọ̀ ìdánwò tó kẹ́yìn, ọmọ náà tò sórí ìlà bí ọmọ ẹlòmíì, ó di ikùn mú, ó ń gbọ̀n.

"Nọ́ọ̀sì, inú ń run mí. Apá ọ̀tún níbí. Láti àná ni."

Ìyá rí i pé ojú ọmọ òun ti jìn. Ó rí i o. Àmọ́ ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí ìlà, ó ní, "Ọmọ onílé ti dé." Ẹni a ń bá nájà là ń wò, ariwo ọjà ni obìnrin yìí ń wò ní tiẹ̀. Ó bu omi. "Mu omi ná." Ọmọ mu ún, kò janpata. Èrò pọ̀, ojú ń kán ìyá, kò jẹ́ kó jókòó rárá. Bí omi ti ń kúrò lẹ́nu ọmọ ló ti ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Omi tó fi ń mú òpùrọ́ ló wá bo ibà òótọ́ mọ́lẹ̀.

"Kò sí ibà. Gba oògùn ìrora yìí, lọ kọ ìdánwò ẹ."

Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ikùn ọmọ náà. Kí ni kí èèyàn ti wí?

Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni ọmọ ṣubú sí. Ìfun kan tó ti wú lápá ọ̀tún ti bẹ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, orí ló yọ ọ́. Dókítà jáde tìbínútìbínú.

"Ta ló rí ọmọ yìí láàárọ̀ tó ní kò ní ibà?"

"Èmi ni," ni nọ́ọ̀sì wí. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti fi kún un pé òun ni ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbà kí ọmọ máa mu nǹkan, ìyá fúnra rẹ̀ bu omi wá. Ètè ọmọ ti bó. Ó wo ife, ó wo ìyá.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, mu díẹ̀."

"Ṣé kí n mu omi ná, nọ́ọ̀sì?"

Kò sì sí ẹnì kankan nítòsí tí ì bá gbọ́ bó bá pè é ní màmá.