Ọkọ̀ Mẹkáníìkì Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè

Bíréèkì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé kò lè ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì tó ń wúkọ́ wá fún un, á tún un ṣe, àmọ́ á máa kùn. Ẹ wá gbé bíréèkì tó ń ké wá, kíá ni ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún. Oníbàárà tó bá sì ní òun ṣì fẹ́ rò ó wò, ohun kan náà ló máa ń sọ fún un: "Ọkọ̀ tí kò lè lọ, ilé náà ló máa wà. Èyí tí kò lè dúró ńkọ́? Ta ló mọ ibi tó ń lọ?" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sì gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀.

Ọkọ̀ tirẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọkọ̀ mẹkáníìkì kì í kú, kì í sì í yè. Iná iwájú rẹ̀ kan ń ṣẹ́jú. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan wà tí kì í ṣí láti inú, àfi kí èèyàn wà níta kó tó fà á. Òfin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni pé ti oníbàárà ló ṣáájú, tilé ló kẹ́yìn. Òfin yìí ló fi kọ́ ilé tó ń gbé, òun ló fi ń tọ́ ọmọ, kò sì tíì já a kulẹ̀ rí.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, kò lè bú u. "Ẹ̀yin àti èmi ò yàtọ̀, Bàbá Adájọ́," ló máa ń wí. "Ẹ wo búláòsì mi, bọ́tìnnì méjì ló kù lára rẹ̀." Adájọ́ ni ìnagijẹ ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, nítorí kò sí ìjà tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ọmọ náà kò ní dá, bí wọn ò tilẹ̀ pè é sí i.

Ọdọọdún, bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, wọ́n máa ń gbé ìyá Bíréèkì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní ìlú kan lórí òkè. Ojú ọ̀nà yẹn ga, ó sì lọ́ bí ìfun. Láti ilẹ̀kùn ilé ni Bíréèkì ti máa ń sọ pé, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé," ìyàwó rẹ̀ á sì dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ ná, ẹ̀yin olùfẹ́ ilé."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ra rọ́bà bíréèkì tuntun, ìyẹn rọ́bà kúkúrú tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà dé ẹsẹ̀ táyà iwájú. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni rọ́bà náà fi wà lórí tábìlì ìjẹun kó tó rí àyè dè é mọ́ ọkọ̀. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ ló tó dè é. Ó ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ oníbúrẹ́dì dé. Rọ́bà bíréèkì tirẹ̀ ti bẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi," ni oníbúrẹ́dì wí. "Ọsibítù ni mò ń gbé búrẹ́dì lọ láàárọ̀ ọ̀la. Gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ti tìlẹ̀kùn."

Bíréèkì wo ọkọ̀ oníbúrẹ́dì, ó wo ọkọ̀ tirẹ̀. Irú kan náà ni wọ́n. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó tú rọ́bà tuntun, ó sì dè é mọ́ ti oníbúrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ inú korobá tó ń da irin àdànù sí, ó yọ rọ́bà àtijọ́ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, ó gbé e síwájú iná. Ó ti ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi gìgísẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà. Ká ní oníbàárà ló gbé irú rẹ̀ wá, ìbá ti jù ú sígbó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. "Á gbé wa lọ, á sì gbé wa bọ̀," ló wí fún rọ́bà náà, ó sì dè é. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àlọ kò mú ìṣòro wá. Ọkọ̀ tó ń gun òkè kò fi bẹ́ẹ̀ nílò bíréèkì. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà ló ń nu ọkọ̀ tó rí i pé inú táyà iwájú kan tutù, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì ni.

Ó dúró síbẹ̀, ó di aṣọ ìnukọ̀ mú bí ẹni tí wọ́n bá lábẹ́ ibùsùn onílé. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta rọ́bà bíréèkì ní ìlú kékeré yẹn. Ẹrù ti wà nínú bùtú. Ìyá rẹ̀ ti ń dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì ń sunkún ìdágbére. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fún ìdè rọ́bà náà le, ó rọ ọ́ìlì sí i, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni màá wà á, ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí orúnkún rẹ̀ tó ń fẹ́ àyè. Ìyàwó àti Adájọ́ wà lẹ́yìn. Bí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ilé nìkan ni ẹnu wọn ń sọ.

"Ìrọ̀rí mi!" ni ìyàwó wí. "Ẹni bá tún ní kí n sun orí ìrọ̀rí ẹlòmíràn, mo gbà pé ọ̀tá mi ni."

"Àga mi tó wà lójú fèrèsé lèmi ń rò," ni Màmá, ìyá Bíréèkì, wí.

"Ta ló máa kọ́kọ́ wọ balùwẹ̀?" ni ìyàwó bi wọ́n.

"Èmi ni," ni Adájọ́ dájọ́. "Ìyá àgbà lẹ́yìn mi, Mọ́mì lẹ́yìn wọn. Dádì ló máa kẹ́yìn, torí àwọn ló máa ń dọ̀tí jù. Ẹjọ́ ti parí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ẹni tó ń wakọ̀. Kọ́nà kan ló ń bọ̀ níwájú. Ó tẹ bíréèkì. Ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìrọ̀rí tí wọ́n ń sọ. Ó tún un tẹ̀, ó mú díẹ̀. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kanlẹ̀, kò dìde mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti jókòó níwájú Bíréèkì tí wọ́n ń ròyìn ohun tó ń ṣe èèyàn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbọ́ ọ, á máa mi orí. Kò mọ̀ pé etí máa ń di. Kò mọ̀ pé ọwọ́ á tutù bí ẹni pé kì í ṣe tẹni. Ó fa jíà wá sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì figbe ta, ọkọ̀ já kọ́nà náà, táyà ń ké.

"Ẹ̀ẹ́n! Kí ló dé?" ni ìyàwó wí. "Bàbá Adájọ́, ṣé ẹnì kan ń lé wa ni?"

"Kò sí nǹkan kan." Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé.

Ìyá rẹ̀ kò wo ojú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Awakọ̀ lọ́rì ni ọkọ Màmá nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Màmá sì máa ń jókòó láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀dọ́. Ó tẹ orí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọmọ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ṣé bíréèkì kò mú mọ́?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá yíjú sẹ́yìn, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń pín oúnjẹ. "Ìyàwó mi, de bẹ́líìtì rẹ kó le. Adájọ́, gbé orí sẹ́yìn, kí o sì pa ẹnu mọ́."

"Kí ni mo ṣe, Ìyá àgbà?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Kóòtù ló ń sinmi."

Bí wọ́n ti yọ sí kọ́nà kejì, lọ́rì kan wà níwájú tó kún fún pákó, ó ń rọra wọ́ bí ìgbín. Òkúta òkè wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, orí àwọn igi ni èèyàn ń wò láti òkè. Bí yóò bá ya lọ́rì yìí sílẹ̀, kò rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Pákó náà ń sún mọ́ wọn. Ó rí ìṣó tó yọ lẹ́nu ọ̀kan. Lójú ara rẹ̀, korobá irin àdànù ló ń rí, àti ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ lọ.

"Bàbá rẹ máa ń fara ti òkè ni," ni Màmá wí. "Fara tì í."

"Ọkọ̀ á bàjẹ́, Màmá."

"Ọkọ̀ wo? Mo ní kí o fara tì í!"

Ó ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yí ọkọ̀ sápá ọ̀tún. Irin ha òkúta. Dígí ẹ̀gbẹ́ já, ó fò kọjá lójú fèrèsé. Ìyàwó ké, "Yéè, ọmọ mi o!" Ọkọ̀ ń ha, ó ń gbọ̀n, kò fẹ́ dúró, àfìgbà tí táyà iwájú wọ inú òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn tó ń ṣe títì kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó rì sínú rẹ̀, ó mí hìn-ín, ó dúró. Lọ́rì pákó yà ní kọ́nà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wà á kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Adájọ́ bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ lọ sílé. Ẹ gbé mi lọ sílé."

Ìyàwó ń ti ilẹ̀kùn. Òkúta dí ọ̀kan, èkejì sì ni èyí tí kì í ṣí láti inú. Ó ń ti ilẹ̀kùn náà, ó ń gbá a, bí ẹni pé iná ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bíréèkì jáde, ó sì lọ ṣí i fún wọn láti ìta. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ táyà, níbi tí ọ́ìlì ti ń kán tó, tó.

"Rọ́bà tuntun tó wà lórí tábìlì wa ńkọ́?"

"Ó wà lára ọkọ̀ oníbúrẹ́dì."

Kò pariwo mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà á jù. "Ẹ bọ́ ọ lára wa, ẹ gbé e fún oníbàárà," ló rọra wí. "Àwa wá ńkọ́? Ṣé ẹrù ni wá?"

Màmá, tó ti gba ilẹ̀kùn awakọ̀ jáde, tó sì ti jókòó sórí òkúta kan, wí pé, "Ìyàwó mi, fi sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà nílé."

Bíréèkì wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ká rọ́bà tó bẹ́ náà sí méjì, ó fi wáyà dè é pinpin kí ọ́ìlì má bàa gba ibẹ̀ jáde mọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn kúrò nínú ìyókù, ó sì rọ ọ́ìlì tuntun. Táyà mẹ́ta á mú wọn dúró, bí wọn ò bá sáré.

"Bíréèkì ti ń mú," ló wí nígbà tó jáde. "Ẹ wọlé."

"Rárá o," ni ìyàwó wí. "Ẹ kọ́kọ́ wà á dé ìdí igi yẹn, kí n fojú ara mi rí i pé ó dúró."

Ó wà á dé ìdí igi, ó dúró. Ìyàwó ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Nígbà náà ni ìyàwó tó gbà kí wọ́n wọlé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wo bẹ́líìtì gbogbo wọn.

Láti ibẹ̀ títí dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ìrọ̀rí tàbí balùwẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ bíréèkì, àwọn mẹ́ta yòókù náà á fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ gírí. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé àdúgbò. Géètì wọn ké bó ti máa ń ké, ariwo tí ìyàwó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kó fi gírísì sí láti ọdún tó kọjá. Lónìí, bí orin ló rí létí gbogbo wọn. Ilé ń rùn bí ilé tí wọ́n tì pa: aṣọ tuntun, eruku àti ọṣẹ. Màmá lọ tààrà sórí àga rẹ̀ lójú fèrèsé, ó fọwọ́ pa apá àga náà bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ológbò. Adájọ́ tilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń gbọ́ ọ tó ń kọrin nínú omi. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Bíréèkì nìkan ló ṣì wà níta. Ilẹ̀ ibi tó páàkì sí tẹ́jú, síbẹ̀ ó gbé òkúta síwájú táyà, ó gbé òmíràn sẹ́yìn rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga ní pálọ̀. Ó fẹ́ sinmi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbà. Ó ń tẹ ẹní, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ yọ láti yàrá, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó jáde síta, ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ó sì kàn án kó-kó-kó.

"Ta nìyẹn?"

"Oníbàárà ni o. Ẹ kú ilé, ẹ̀yin mẹkáníìkì."

Ó dìde ṣí ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó nà án sí i bí àjèjì. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mo gbé ọkọ̀ wá. Kò ní bíréèkì, dígí ẹ̀gbẹ́ kan ti lọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣí láti inú. Wọ́n ní ti oníbàárà ló máa ń ṣáájú níbí. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, kí oníbúrẹ́dì má ṣáájú mi o."

Bíréèkì gba kọ́kọ́rọ́ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ jókòó, Mà," ló wí. "Láàárọ̀ ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ yín ni àkọ́kọ́."

Ìyàwó wá jókòó tì í. Ẹsẹ̀ náà tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹní. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé orí ti ọkọ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó ti dúró, Bàbá Adájọ́," ló wí. "Ọkọ̀ ti dúró."