Ìgúnpá Méjì

Ogún ọdún ni ìyá mi ti ń kun ilé onílé, ṣùgbọ́n kọ́ńtà ilé ìdáná tiwa kò rí ọ̀dà rí. Ike orí rẹ̀ ti ṣá, pàápàá níbi méjì tí ìyá mi máa ń fi ìgúnpá tì bó bá ń dúró de omi gbígbóná.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ kan, ó fi sáńpépà ha kọ́ńtà náà títí dídán rẹ̀ fi lọ, ó kun ọ̀dà funfun sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó wá kìlọ̀ fún bàbá mi àti èmi: "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó gbé omi kaná, ó sì fara ti kọ́ńtà bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí omi hó, ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà; bó ṣe fà wọ́n kúrò, àpá wọn hàn lára kọ́ńtà.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ṣòkòtò yẹn dà o? Ṣé o máa tún un kùn?"

Ìyá mi wo ojú àpá méjèèjì. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá tún un kùn, ibẹ̀ náà ni mo máa fara tì lọ́la."